AKỌ IṢU, ABO IṢU: BÍ ÀWỌN BABA WA ṢE SỌ IṢU IGBÓ DI IṢU OKO

  Ọ̀rọ̀ wa tòní jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó kan abà iṣu olúkúlùkù wa ni. Ẹ fi ara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì ka á sétí ẹni tí kò mọ̀wé kà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé mi. Ní ilé tí mo ń gbé ní Challenge, ní ìlú Ìbàdàn, ààyè kékeré kan wà tí kò tó ibi tí ènìyàn lè kọ ogún ebè sí. Mo gbin ìbẹ́pẹ mẹ́rin sí i. Mo bomi rin wọ́n, mo da ìgbẹ́ adìẹ sí ìdí wọn, wọ́n sì dàgbà dáadáa. Nígbà tí ó di nǹkan bí oṣù kẹfà, wọ́n yọ òdòdó. Mẹ́ta nínú wọn na ọwọ́ òdòdó gígùn jáde, ó ń rọ̀ dirodiro, ṣùgbọ́n kò sí èso. Ẹyọ kan péré ni ó so. Ìyá kan tí ń sun iṣu tà létí títì ní àdúgbò wa wò wọ́n, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá àgbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ènìyàn, akọ ìbẹ́pẹ ni ẹ gbìn. Ẹ gé e dànù."

Ojú tì mí díẹ̀. Mo wá bi í pé, "Ìyá, iṣu tí ẹ ń sun yìí ńkọ́, akọ ni tàbí abo?" Ó wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. Ó ní, "Iṣu ni iṣu. Ṣé iṣu náà ní akọ ni?"

Ìdáhùn ìyá yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò fún mi. Ṣùgbọ́n iṣu ní akọ, iṣu sì ní abo, gẹ́gẹ́ bí ìbẹ́pẹ ti ní. Ìdí tí a kò fi kíyè sí i ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Mo fẹ́ kí ẹ tún mọ ohun tí a lè pàdánù bí a bá ń bá a lọ láì kíyè sí i.

BÍ AKỌ ÀTI ABO ṢE WÀ NÍNÚ OHUN Ọ̀GBÌN

Gbogbo ohun ọ̀gbìn tí ń yọ òdòdó ni ó ní ohun akọ àti ohun abo. Ohun akọ ni ó ń mú ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ jáde. Atẹ́gùn tàbí kòkòrò a máa gbé ìyẹ̀fun náà lọ bá ohun abo, ibẹ̀ ni èso àti hóró ti ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ń gbé pọ̀ kò dọ́gba.

Ọ̀nà kìíní ni ti ẹ̀wà. Nínú òdòdó ẹ̀wà kan ṣoṣo, akọ àti abo ń gbé inú yàrá kan náà. Ọ̀nà kejì ni ti àgbàdo. Akọ wà lókè, òun ni ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń rí lórí rẹ̀. Abo wà ní ìbàdí igi, irun àgbàdo ni ó fi ń gba ìyẹ̀fun. Igi kan náà ni, yàrá ni ó yàtọ̀. Ọ̀pẹ náà wà ní ọ̀nà kejì yìí, nítorí pé igi ọ̀pẹ kan náà ni ó ń yọ òdòdó akọ ní àkókò kan, tí ó sì ń yọ òdòdó abo ní àkókò mìíràn. Ọ̀nà kẹta ni ti iṣu àti ti ọ̀pọ̀ ìbẹ́pẹ. Níbí, akọ ní ìdí tirẹ̀, abo ní ìdí tirẹ̀, bí ènìyàn àti bí ewúrẹ́. Èyí tí ó jẹ́ akọ kò lè so. Èyí tí ó jẹ́ abo kò sì lè ní hóró láìsí akọ nítòsí.

ÌMỌ̀ YÌÍ TI PẸ́ LÓDE AYÉ

Àwọn tí ń gbin igi dàbínù ní ilẹ̀ Bábílónì àtijọ́ ti mọ̀ pé akọ igi wà, abo igi sì wà. Wọn a máa fi ọwọ́ gbé òdòdó akọ lọ sórí abo kí èso lè pọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1694 ni Rudolf Camerarius, ọ̀mọ̀wé kan ní ìlú Tübingen ní ilẹ̀ Jámánì, kọ ìwé láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ti rí fún ẹranko ni ó rí fún igi. Ó ya abo àwọn igi kan sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ akọ, wọn kò sì ní hóró tí ó lè hù. Ó gé irun àgbàdo kúrò, hóró kò sì jókòó sórí rẹ̀. Ẹ̀yin náà lè dán èyí wò lórí àgbàdo kan lóko yín.

Ní ti ìbẹ́pẹ, ọdún 1938 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yé àwọn onímọ̀. Hofmeyr ní ilẹ̀ South Africa àti Storey ní erékùṣù Hawaii ṣe iṣẹ́ náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdáhùn kan náà ni wọ́n sì rí. Wọ́n rí i pé oríṣi mẹ́ta ni ìbẹ́pẹ: akọ, abo, àti èyí tí ó jẹ́ takọtabo, tí akọ àti abo wà nínú òdòdó rẹ̀ kan náà. Èso abo a máa rí roboto. Ti takọtabo a máa gùn.

Takọtabo yìí gan-an ní ìtàn. Àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìbẹ́pẹ ti ṣẹ̀. Nínú igbó ibẹ̀, akọ àti abo nìkan ni ó wọ́pọ̀. Ní 2015 àwọn onímọ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó fi hàn pé takọtabo yà kúrò lára akọ ní nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì rò pé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ náà, bóyá àwọn ẹ̀yà Maya, ni ó ti wá. Àgbẹ̀ rí igi tí kò bá àwọn yòókù dọ́gba, ó rí i pé igi náà ń dá so fúnra rẹ̀, ó sì pa hóró rẹ̀ mọ́. Bí ọwọ́ àgbẹ̀ ṣe yí akọ àti abo ìbẹ́pẹ padà nìyẹn.

Àwọn ẹlòmíràn ni ó ṣe ti ìbẹ́pẹ. Iṣu ni tiwa.

BÍ A ṢE LÈ DÁ AKỌ IṢU MỌ̀ YÀTỌ̀ SÍ ABO

Iṣu funfun tí à ń gún níyán, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dioscorea rotundata, kì í yọ òdòdó lọ́jọ́ tí a bá gbìn ín. Ó di ìgbà tí ìtàkùn bá ti gun ọ̀pá dáadáa. Ẹ wo abẹ́ ewé, níbi tí ewé ti so mọ́ ìtàkùn. Bí ó bá jẹ́ akọ, ẹ ó rí ọ̀pá òdòdó tín-ín-rín tí hóró òdòdó wẹ́wẹ́ tò sí lára. Yóò tanná, yóò gbẹ, yóò sì re dànù. Bí ó bá jẹ́ abo, ìdí òdòdó kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́ta. Bí ìyẹ̀fun akọ bá dé ibẹ̀, igun mẹ́ta náà yóò wú, yóò sì di èèpo tí ó ní apá mẹ́ta bí abẹ̀bẹ̀. Inú rẹ̀ ni hóró wà, ó pẹlẹbẹ, ó sì ní ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn fi ń gbé e lọ.

Akọ pọ̀ ju abo lọ nínú àwọn iṣu tí ń yọ òdòdó lóko wa. Àwọn mìíràn kì í yọ òdòdó rárá. A sì máa ń rí ìtàkùn kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí akọ àti abo jọ wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti ń gbin iṣu láti ìgbà èwe lè má tíì rí hóró iṣu rí, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

ÈBÙ NI Ó BO Ọ̀RỌ̀ NÁÀ MỌ́LẸ̀

Kí ni ó fà á tí ojú wa kò fi sí akọ àti abo iṣu? Èbù ni. A kì í gbin hóró iṣu. Iṣu ni a ń gé, èbù ni a ń rì sínú ebè. Bí èbù bá sì hù, kì í ṣe ọmọ ni iṣu náà bí; òun fúnra rẹ̀ ni ó tún padà wá. Àmúlà tí ẹ wà lóko ní ọdún yìí, bí ó bá jẹ́ pé èbù ni baba fi lé ọmọ lọ́wọ́, iṣu kan náà tí baba ńlá yín jẹ ni. Ó ti pẹ́ láyé ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ.

Ọgbọ́n ńlá ni ọgbọ́n èbù. Bí àgbẹ̀ àtijọ́ bá rí iṣu kan tí ó tóbi, tí kò ní ẹ̀gún púpọ̀, tí kò korò, tí ó gún dáadáa, kò jẹ́ kí ó sọnù. Bí ó bá jẹ́ hóró ni ó gbìn, àwọn ọmọ yóò yàtọ̀ síra wọn bí ọmọ ìyá kan náà ti ń yàtọ̀. Èbù ni ó fi di ìwà rere iṣu náà mú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó ní èrè ni ó ní ìnáwó. Nígbà tí kò sí ẹni tí ó ń wá hóró, kò sí ẹni tí ó bìkítà bóyá iṣu yọ òdòdó tàbí kò yọ. Iṣu tí ó jẹ́ ọlẹ nípa òdòdó kò sì pàdánù nǹkan kan lọ́wọ́ àgbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣu oko wa di èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ òdòdó mọ́. Ìnáwó kejì ni pé àìsàn a máa bá èbù rìn. Àrùn tí ń sọ ewé iṣu di alábàwọ́n, tí ń mú kí iṣu kéré, àti aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ tí ń jẹ ara iṣu, wọn a máa gba inú èbù láti ọdún kan dé èkejì.

ÀWỌN NÀGÓ KÒ TI ÌLẸ̀KÙN PA

Ẹ má ṣe rò pé àwọn àgbà wa kò mọ̀ ju èbù lọ. Ní ilẹ̀ Benin, àwọn ìbátan wa tí wọ́n ń pè ní Nàgó, àti àwọn Fọ̀n àti àwọn Bàrìbá, ní àṣà kan tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀. Ní 2003, Mignouna àti Dansi tẹ ìwé jáde nípa bí àwọn Nàgó àti Fọ̀n ṣe ń sọ iṣu igbó di iṣu oko. Àgbẹ̀ a rí iṣu nínú igbó tàbí nínú oko tí a ti fi sílẹ̀ fún ilẹ̀ láti sinmi. Bí ìtàkùn àti ewé rẹ̀ bá wù ú, yóò wa á, yóò gbé e wá sóko, yóò sì máa gbìn ín lọ́dọọdún. Yóò máa ṣe ìtọ́jú rẹ̀ lọ́nà tí gbòǹgbò gígùn yóò fi di iṣu kúkúrú tí ó sanra. Ó lè gbà á ní ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá dára, yóò fún un ní orúkọ, yóò sì pín in fún ará àti ọ̀rẹ́.

Níbo ni iṣu inú igbó yẹn ti wá? Ní 2006, àwọn onímọ̀ tí ó yẹ irú iṣu bẹ́ẹ̀ wò ní Benin rí i pé àwọn kan jẹ́ iṣu igbó gidi, àwọn kan jẹ́ iṣu oko tí ó ti sá lọ, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ tí iṣu igbó àti iṣu oko jọ bí. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: kòkòrò gbé ìyẹ̀fun akọ láti oko dé igbó, tàbí láti igbó dé oko, abo gbà á, atẹ́gùn gbé hóró lọ, hóró hù, àgbẹ̀ kan sì kọjá níbẹ̀, ojú rẹ̀ ríran. Àwọn àgbẹ̀ tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ni ó ń bí iṣu tuntun láti ọwọ́ akọ àti abo, láìjẹ́ pé wọ́n pè é lórúkọ bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ RÍ NÍNÚ IṢU

Nínú gbogbo ohun alààyè ni okùn wẹ́wẹ́ kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní kúrómósómù. Orí rẹ̀ ni a kọ ohun tí a jogún sí: àwọ̀, ìtóbi, adùn, akọ àti abo. Méjìméjì ni wọ́n ń rìn, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Iṣu funfun ní 40, èyí tí ó jẹ́ ogún ìlọ́po méjì.

Nínú ènìyàn, obìnrin ní X méjì, ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Ohun tí baba bá fún ọmọ ni ó ń pinnu bóyá ọmọ yóò jẹ́ akọ tàbí abo, nítorí náà kí ọkọ kankan má ṣe bínú sí ìyàwó rẹ̀ mọ́ nítorí pé ó bí obìnrin. Nínú adìẹ, ọ̀rọ̀ yí padà. Àkùkọ ní Z méjì, abo adìẹ ní Z kan àti W kan. Abo ni ó ń pinnu.

Ní 2017, àwọn onímọ̀ láti IITA ní Ìbàdàn níbí, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Iwate ní ilẹ̀ Japan àti ní ibòmíràn, tẹ ìwé jáde pé àwọn ti ka ìwé àjogúnbá iṣu funfun. Muluneh Tamiru àti Ryohei Terauchi wà lára àwọn tí ó léwájú nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n rí ni pé iṣu funfun dà bí adìẹ: abo ni ó gbé Z àti W. Kúrómósómù kọkànlá ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ tún gbọ́ ìyanu kan: ewùrà, tí ó ti ilẹ̀ Éṣíà wá, dà bí ènìyàn. Iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé akọ ni ó ń pinnu nínú ewùrà. Iṣu méjì tí ó jọ ń gbé inú abà kan náà, ìlànà wọn nípa akọ àti abo kò bára mu.

Ní 2019 yẹn kan náà, Nora Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ iṣu oko àti iṣu igbó 167 wò. Wọ́n ní ara iṣu igbó kìjikìji tí wọ́n ń pè ní Dioscorea praehensilis ni iṣu funfun ti jáde, ní agbègbè odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Ghana àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ẹ wo ibi tí ilẹ̀ wa wà nínú àpèjúwe yẹn. Ní 2020, Sugihara, Terauchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi kún un pé iṣu funfun jẹ́ ọmọ tí iṣu igbó kìjikìji àti iṣu ilẹ̀ ọ̀dàn, Dioscorea abyssinica, jọ bí. Wọ́n sì rí i pé orí kúrómósómù kọkànlá, níbi tí ọ̀rọ̀ akọ àti abo wà, ni ogún tí iṣu ọ̀dàn fi sílẹ̀ ti pọ̀ jù. Àríyànjiyàn díẹ̀ wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì lórí ẹni tí ó jẹ́ òbí, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹnu kò pé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀, àti pé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ wa ni ó ti di ohun oko.

ÀṢÌṢE TÈMI

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, tí ìwé dípúlómà mi ṣì ń dán, wọ́n rán mi lọ sí abúlé kan ní Òkè-Ògùn. Bàbá àgbẹ̀ kan ní ebè bí ọgbọ̀n létí oko rẹ̀ tí iṣu oríṣiríṣi wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń yọ òdòdó. Iṣu ìdí wọn kò tóbi tó èyí tí ọjà ń fẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ wa àwọn wọ̀nyí dànù. Òdòdó ń jẹ agbára iṣu. Oríṣi kan tí ọjà ń rà ni kí ẹ gbìn."

Bàbá náà kò bá mi jà. Ó ní, "Ọmọ mi, bí o bá kó gbogbo àkùkọ inú àgò tà, adìẹ yóò ṣì máa yé. Ṣùgbọ́n ẹyin náà kò ní pa."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ kọ ọ́ sínú ìwé mi pé bàbá náà kò gba ẹ̀kọ́. Ó tó ọdún díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni kò gba ẹ̀kọ́. Oko èbù oríṣi kan ṣoṣo ni adìẹ tí ó ń yé láìsí àkùkọ. Ẹyin wà fún jíjẹ, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ. Bí àrùn tuntun bá dé tí oríṣi náà kò lè dúró fún, gbogbo ebè ni yóò mú lọ́jọ́ kan, nítorí pé iṣu kan náà ni gbogbo wọn.

Ọ̀dọ̀ akọ àti abo nìkan ni iṣu tuntun ti ń wá. Ní 1975, Sadik àti Okereke kọ̀wé lórí ọ̀nà láti fi hóró iṣu wá ìran tí ó dára sí i. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti ń gbilẹ̀. Ní 2001 ni a tó gbé iṣu funfun àkọ́kọ́ tí a bí láti ọwọ́ akọ àti abo, tí IITA àti ilé iṣẹ́ ìwádìí ti Umudike jọ ṣe, jáde fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ wo bí ọdún ti gùn tó. Ìdí kan ni pé a kì í mọ akọ yàtọ̀ sí abo títí òdòdó yóò fi yọ, iṣu kékeré tí a fi hóró gbìn sì lè má yọ òdòdó ní ọdún àkọ́kọ́. Iṣẹ́ 2017 ṣe ìrànwọ́ níbẹ̀: a lè já ewé kékeré kan lára iṣu tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì mọ irú ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n ilé ìwádìí kò lè bí ọmọ láti ara iṣu tí kò sí mọ́. Iṣu tí IITA pa mọ́ sí Ìbàdàn lé ní oríṣi 5,000, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ bíi tiyín ni púpọ̀ nínú wọn sì ti wá.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

1. Ẹ má ṣe fi gbogbo oko gbin oríṣi iṣu kan. Ẹ gbin èyí tí ọjà ń fẹ́ sí ibi tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ya ebè díẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣu àtijọ́ tí ẹ bá lọ́wọ́ àwọn òbí yín. Bí ẹgbẹ́ bá pín in láàárín ara wọn, kò ní wúwo fún ẹnì kan.

2. Nígbà tí iṣu bá yọ òdòdó, ẹ wò ó kí ẹ sì sàmì sí ọ̀pá rẹ̀: aṣọ funfun fún akọ, aṣọ pupa fún abo. Ẹ kọ orúkọ iṣu náà sínú ìwé ẹgbẹ́. Abo ni ó ṣọ̀wọ́n jù. Bí ẹ bá rí iṣu tí ó so èèpo alápá mẹ́ta, ẹ má ṣe já a sọnù. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àdúgbò yín.

3. Ẹ má ṣe gé èbù lára iṣu tí ewé rẹ̀ ti ní àbàwọ́n. Ẹ sàmì sí i nígbà tí ewé ṣì tutù, kí ẹ jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ tà á fún jíjẹ. Èbù wẹ́wẹ́ tí ilé iṣẹ́ ìwádìí Umudike fi kọ́ wa láti 1982, tí kì í wúwo ju gíráàmù 25 sí 30 lọ, dára fún ẹni tí ó bá fẹ́ sọ iṣu díẹ̀ tí ara rẹ̀ mọ́ di púpọ̀.

4. Ní ti ìbẹ́pẹ, ẹ gbin ọmọ mẹ́ta sínú ihò kan. Nígbà tí òdòdó bá yọ, ẹ fi èyí tí yóò so sílẹ̀, kí ẹ gé ìyókù. Bí ẹ bá fẹ́ hóró, ẹ mú un láti inú èso gígùn ti takọtabo, níbi tí akọ kò ti sí nítòsí. Nínú ọmọ mẹ́ta irú hóró bẹ́ẹ̀, a máa ń retí takọtabo méjì àti abo kan. Kò ní sí akọ níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ ẸGBẸ́

(a) Oríṣi iṣu mélòó ni ẹ lè dárúkọ tí àwọn bàbá yín gbìn? Mélòó nínú wọn ni ó ṣì wà lóko ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín?
(b) Èwo nínú iṣu yín ni ó máa ń yọ òdòdó? Ṣé akọ ni tàbí abo?
(d) Ta ni nínú ẹgbẹ́ yín tí ó lè gba ìtọ́jú ebè iṣu àtijọ́ ní ọdún yìí, kí ni ẹgbẹ́ yóò sì fi ràn án lọ́wọ́?

Wọ́n ní bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ ni à á fi bò ó jẹ. Òótọ́ ni, ní ti jíjẹ. Ṣùgbọ́n ní ti èbù iṣu tí ó fẹ́ parẹ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ bò ó. Ẹ fún ará yín, ẹ fún ọ̀rẹ́ yín, kí ó má bàa jẹ́ pé ọjọ́ tí iná bá jó abà ẹnì kan ni iṣu náà yóò parẹ́ láyé.

Ní tèmi, mo padà sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Challenge. Mo gé akọ ìbẹ́pẹ méjì. Ẹ̀kẹta ni mo fi sílẹ̀ fún abo tí ó so. Ìyá oníṣu sísun ṣì ń bi mí ìdí rẹ̀. Mo ti ṣèlérí pé èmi yóò mú abo iṣu kan wá fún un láti oko, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Oko yóò so wọ̀ǹtìwọnti o. Ó di ìpàdé wa mìíràn.